Ètò máìlì wo ló yẹ ìdílé wa? Ọkọ mi wà ní Aberdeen, èmi wà ní Ìkòròdú, Dubai ni mo ti ń ra ọjà

AlásọSábó
Ọjọ́ Àìkú, aago 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ 2 rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́, a ò tíì mọ ibi tá a máa gbé e gbà.

Iṣẹ́ epo ni bàbá àwọn ọmọ mi ń ṣe ní Aberdeen, ní Scotland. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń wálé lọ́dún. Èmi ń ta aṣọ ọmọdé àti bàtà ní Sábó níbí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni mo sì ń lọ ra ọjà ní Dubai. Tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, èmi àti àwọn ọmọ á lọ bá bàbá wọn. Ọmọ 3 ni wọ́n: ọdún 11, ọdún 8, àti àbíkẹ́yìn tó jẹ́ ọdún kan ààbọ̀. Ìyá ọkọ mi wà ní Ìgbógbó. Mọ́mì ti lọ sí Aberdeen lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ti lọ gbé ọmọ jó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Atlanta.

Ọdún 5 rèé tá a ti ń wọ bàálù báyìí, kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa tó ní nọ́ńbà máìlì, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ bàálù fi ń ka ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó bá wọ bàálù wọn. Oṣù tó kọjá ni aládùúgbò wa kan gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí London, ó ní máìlì lòun fi gba tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ náà. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi. Nígbà tó ṣàlàyé tán, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ìrìnàjò tá a ti lọ, inú mi bàjẹ́ gan-an ni.

Ọkọ mi ní British Airways ni ká forúkọ sí, torí wọ́n ń fò láti Heathrow lọ sí Aberdeen. Èmi ní Emirates, nítorí Dubai. Èwo ni ká mú? Ṣé a lè kó gbogbo rẹ̀ sójú kan? Ẹ ṣé o.


ỌmọMájídun
Ọjọ́ Àìkú, aago 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, Àǹtí. Emirates ni kẹ́ ẹ mú. Skywards ni wọ́n ń pe ètò tiwọn, èèyàn 8 nínú ìdílé kan lè da máìlì wọn pọ̀ sínú àpò kan. Ẹ̀yin ń lọ Dubai lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀gá náà lè máa gba Dubai wálé. Ó parí.


BàbáÌbejì
Ọjọ́ Àìkú, aago 10:22 alẹ́

Kò tíì parí o, àbúrò mi. Kéèyàn kúrò ní Aberdeen kó gba Dubai wá sí Èkó? Dubai sí Èkó nìkan, bíi wákàtí 8 ni lójú òfurufú. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Dubai, wákàtí 7 tún ni. Bẹ́ẹ̀ Èkó sí London tààrà kò ju wákàtí 6 àti ààbọ̀ lọ. Ọkùnrin tó ń wá wo ìyàwó àti ọmọ, tí ọ́fíìsì sì ti ka ọjọ́ ìsinmi fún, kò yẹ kó lo odindi ọjọ́ kan lójú ọ̀nà nítorí máìlì.

Ní ti British Airways, mo lè sọ ohun tí mo mọ̀, torí ibẹ̀ ni ìdílé tèmi wà. Wọ́n ní àkáǹtì ilé tí èèyàn 7 lè wà nínú rẹ̀, Avios ni wọ́n ń pe máìlì wọn. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lè dá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, inú àkáǹtì ilé yẹn nìkan ló ti lè wà. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé Avios kì í kú bí ẹ bá ti ń fọwọ́ kàn án, ó di ìgbà tí oṣù 36 bá kọjá láìsí ohunkóhun tó wọlé tàbí tó jáde. Ohun mìíràn tó dáa ni pé Qatar Airways náà ń lo Avios, ẹ lè gbé e láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí ìkejì láìdín kan.

Ibi tó máa le fún yín rèé: gbogbo àwọn tó wà nínú àkáǹtì ilé náà gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì kan náà. Ọkọ yín ń gbé Aberdeen, ẹ̀yin ń gbé Ìkòròdú. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó kọ irọ́ sínú fọ́ọ̀mù.


AlásọSábó
Ọjọ́ Àìkú, aago 10:51 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, sà. A ò mọ̀ nípa àdírẹ́sì yẹn rárá. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sétí ìgbọ́ ọkọ mi lórí fóònù, ó ní òun ò ní fi àdírẹ́sì purọ́.


Òṣìṣẹ́Tíkẹ́ẹ̀tì
Ọjọ́ Ajé, aago 6:05 òwúrọ̀

Ẹ kú òwúrọ̀ o. Ágírìkì ni mò ń gbé, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Inú ọkọ̀ BRT ni mo wà báyìí, Mile 12 ò tíì yà, nítorí náà mo ráyè kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohun kan tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́nà. Ẹni tó jókòó sórí ìjókòó ló ni máìlì, kì í ṣe ẹni tó sanwó. Bí ọkọ yín bá san owó tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn 5 lónìí, tó jẹ́ òun nìkan ló ní nọ́ńbà, ti òun nìkan ló máa wọlé. Ti ìyàwó àti ti àwọn ọmọ ti lọ nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i: bàbá á wá san owó ńlá fún gbogbo ilé, á fún mi ní nọ́ńbà tiẹ̀, á ní kí n fi sí orí gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì náà. Kò ṣeé ṣe, sà. Orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì àti orúkọ orí nọ́ńbà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìdílé fi yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń dá rìn. Ó dà bí àjọ. Tí oníkálukú bá ń dá tiẹ̀ pamọ́ sí abẹ́ ìrọ̀rí, owó kékeré kékeré ló máa wà káàkiri ilé, kò sẹ́ni tí tiẹ̀ máa tó ra nǹkan. Àfi kí alájọ kan wà tó ń kó o jọ. Nítorí náà, tí ẹ bá ń wo ètò kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ni wọ́n gbà láyè láti dá sínú àpò kan náà?

Ẹ̀yin, ẹ wo ọ̀nà tí ẹ ń tọ̀. KLM ń fò láti Èkó lọ sí Amsterdam, ó sì ń fò láti Amsterdam lọ sí Aberdeen. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà tó mọ́gbọ́n dání jù fún bàbá àwọn ọmọ yìí nìyẹn, yálà máìlì wà ńbẹ̀ tàbí kò sí. Flying Blue ni KLM àti Air France jọ ń lò, àwọn méjèèjì sì wà nínú ẹgbẹ́ SkyTeam. Nínú àwọn tó ń wá sí Èkó, Delta wà nínú ẹgbẹ́ yìí, Kenya Airways wà níbẹ̀, Virgin Atlantic náà wọ̀ ọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2023. Èyí túmọ̀ sí pé bí owó KLM bá wọ́n lọ́sẹ̀ kan, tí ẹ gba Virgin lọ sí London, nọ́ńbà Flying Blue yín ṣì máa gba máìlì náà. Nọ́ńbà kan, bàálù ilé-iṣẹ́ márùn-ún.

Àpò ìdílé ti Flying Blue gba àgbàlagbà 2 àti ọmọdé 6. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin, ọkọ yín, àwọn ọmọ, ó gbà yín tán. Mọ́mì ni kò ní sáyè fún, torí àgbàlagbà 2 yẹn ti pé. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ Mọ́mì.

Mo ti dé Ketu.


AráGuangzhou
Ọjọ́ Ajé, aago 7:30 òwúrọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tèmi ò pọ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí Guangzhou bíi tèmi, Ethiopian ni ọ̀pọ̀ wa ń wọ̀, a máa gba Addis Ababa kọjá. Láti ìparí ọdún 2011 ni wọ́n ti wà nínú ẹgbẹ́ Star Alliance. Mi ò fi máìlì Ethiopian sí àkáǹtì Ethiopian. Àkáǹtì United, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà, ni mò ń kó o sí, torí máìlì United kì í kú. Ọdún 2 ni mi ò rìn rárá nígbà tí dọ́là sáré lọ sókè, mo padà bá gbogbo rẹ̀ níbi tí mo fi sí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ wo ọ̀rọ̀ ọjọ́ ikú máìlì dáadáa kí ẹ tó wọ ètò kankan. Ọdún kan lè dé tí ọjà ò ní jẹ́ kéèyàn rìn.


AlásọSábó
Ọjọ́ Ajé, aago 11:18 òwúrọ̀

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Òṣìṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè 3. Ọmọ mi tó jẹ́ ọdún kan ààbọ̀, ṣé òun náà ń gba máìlì? Ti Dubai mi ńkọ́, ṣé kí n jù ú nù ni? Ẹ̀ẹ̀kẹta, èló ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́, ká má lọ máa lé ohun tí kò tó nǹkan.


Òṣìṣẹ́Tíkẹ́ẹ̀tì
Ọjọ́ Ajé, aago 1:47 ọ̀sán

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, tó jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, kì í gba máìlì. Kò ní ìjókòó tiẹ̀. Ọjọ́ tó bá pé ọdún 2, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìjókòó fún un, ó ti ń gba máìlì nìyẹn. Tó bá ti pé ọdún 2 ni kẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì tiẹ̀.

Ní ti iye rẹ̀, Flying Blue ń ka owó tí ẹ san, kì í ka bí ọ̀nà ṣe jìn tó, tí ẹ bá wọ KLM tàbí Air France. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ń gba máìlì 4 lórí yúrò 1. Owó tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka owó-orí ìjọba mọ́ ọn. Bí ẹ tiẹ̀ fi náírà sanwó, wọ́n á ṣẹ́ ẹ sí yúrò. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní yúrò 800 ni tíkẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ owó-orí kúrò, ti ọmọdé jẹ́ 600. Ọkọ yín rìn lẹ́ẹ̀mẹrin: 12,800. Ẹ̀yin rìn lẹ́ẹ̀kan: 3,200. Àwọn ọmọ 2 tó ń jókòó láàyè ara wọn: 4,800. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20,800 lọ́dún kan. Ẹ wá wò ó bó ṣe máa rí tó bá jẹ́ ọkọ yín nìkan ló ní nọ́ńbà: 8,000 ti ṣòfò nínú rẹ̀. Iye máìlì tí wọ́n máa gbà fún tíkẹ́ẹ̀tì kì í dúró sójú kan, ó ń lọ sókè sódò bí owó tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣooṣù ni Flying Blue máa ń dín máìlì kù fún àwọn ìlú kan. Ẹ máa ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí Èkó bá bọ́ sínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lo tiyín.

Máìlì Flying Blue máa ń kú tí oṣù 24 bá kọjá láìrìn. Fún ọkọ yín tó ń rìn lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, kò séwu.

Kí ẹ sì mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì máìlì kì í ṣe ọ̀fẹ́ pátápátá. Ẹ ṣì máa san owó-orí àti àwọn owó mìíràn. Owó-orí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lọ́wọ́ èrò tó ń kúrò lórílẹ̀-èdè wọn wúwo, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà á lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 tó bá jókòó ní economy. Nítorí náà, tí ẹ bá fi máìlì gba ti ọmọ ní ìpadàbọ̀, owó tí ẹ máa san lé e kò ní pọ̀ tó ti àgbà. Ìyẹn kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa tá à ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n mo ti bá àwọn ìdílé kan ṣe é, ó yé wọn.

Ọ̀rọ̀ Dubai: ẹ má jù ú nù. Ẹ ṣí Skywards lọ́tọ̀. Àkáǹtì 2 kò wúwo, kò sí owó tí ẹ máa san lórí èyíkéyìí. Ohun tí mò ń kọ̀ ni pé kẹ́ ẹ kó gbogbo ilé lọ síbẹ̀.


ỌmọMájídun
Ọjọ́ Ajé, aago 2:10 ọ̀sán

Ọ̀gá Òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ló dé tí a ò lè kó gbogbo ilé lọ síbẹ̀? Àpò èèyàn 8 ló wà níbẹ̀ o. Mọ́mì máa wọlé, gbogbo èèyàn máa wọlé. Flying Blue tí ẹ ń pariwo kò gba ìyá ọkọ. Nílẹ̀ Yorùbá, ìdílé wo ló dúró lórí àgbàlagbà 2?


Òṣìṣẹ́Tíkẹ́ẹ̀tì
Ọjọ́ Ajé, aago 6:33 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò, òótọ́ lo sọ nípa ìdílé wa, mo gbà. Àwọn tó kọ òfin yẹn, bàbá, ìyá àti ọmọ ni wọ́n ń rí. Ó dùn mí náà.

Ṣùgbọ́n rántí ọdún 2022. Emirates dá ìrìnàjò rẹ̀ sí Nàìjíríà dúró ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, nítorí dọ́là àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó há sọ́wọ́ wa. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n tó padà. Máìlì Skywards, ọdún 3 ni ọjọ́ orí rẹ̀. Fi ọdún 2 yọ nínú ọdún 3. Wọn ò sí nínú ẹgbẹ́ SkyTeam, wọn ò sí nínú Star Alliance, wọn ò sí nínú oneworld. Ẹni tó bá kó gbogbo ìdílé sínú àpò ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò ní ẹgbẹ́, tí ilé-iṣẹ́ náà bá kúrò ní Èkó, ibo ló máa ti rí máìlì kó kún tiẹ̀? Tí KLM bá dúró lọ́la, Air France wà, Virgin wà, Delta wà. Ìdí tí mo fi ní kí Àǹtí fi ti ọjà nìkan síbẹ̀ nìyẹn.


ỌmọMájídun
Ọjọ́ Ajé, aago 6:58 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbọ́, sà. Mi ò ro ti 2022 mọ́ ọn. Ẹ ṣé.


ÌyáÌjẹdẹ̀
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:20 òwúrọ̀

Ẹ kú òwúrọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan kún un, torí mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ti ń yọ̀ mọ́ máìlì.

Àbúrò mi obìnrin fẹ́ lọ sí ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lókè òkun. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní éjẹ́ǹtì ní òun máa bá a ra tíkẹ́ẹ̀tì tó dín ní ìdajì iye tí wọ́n ń tà á. A ò béèrè ohun tó jẹ́ kó dínwó tó bẹ́ẹ̀. A dìde láti Ìjẹdẹ̀ ní aago 1 ọ̀sán nítorí bàálù aago 11 alẹ́. Ẹrù ti dé orí òṣùwọ̀n kí ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ tó sọ fún wa pé wọ́n ti fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì náà. Máìlì ẹlòmíràn ni wọ́n fi gbà á, ẹni tí a ò mọ̀ rí, tó ń ta máìlì rẹ̀ fún éjẹ́ǹtì. Ilé-iṣẹ́ náà ti rí i, wọ́n ti pa àkáǹtì yẹn, wọ́n sì ti pa gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tó ti inú rẹ̀ jáde. Àbúrò mi jókòó sórí báàgì rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ó ń sunkún, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ ọlọ́mọ tuntun wà nínú báàgì náà. Kò bá ìkómọ náà. Éjẹ́ǹtì ti pa fóònù.

Ẹ má ta máìlì, ẹ má rà á. Fún ọmọ yín, fún ìyá yín, fún ẹni tí ẹ mọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gba tíkẹ́ẹ̀tì.


AlásọSábó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:02 òwúrọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ bá mi kí wọn. Èèyàn kan wà ní Sábó níbí tó ń polówó irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwa oníṣòwò lórí WhatsApp.


ỌmọÌkòròdú_Houston
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ilé o, ará ilé. Mo rí ọ̀rọ̀ Mọ́mì Ìgbógbó tí Bùrọ̀dá Òṣìṣẹ́ ní àwọn máa padà sí, ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ díẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Mọ́mì wà ní Atlanta, Delta sì ń fò láti Èkó sí Atlanta tààrà. Ẹ ṣí àkáǹtì Delta SkyMiles fún Mọ́mì. Máìlì Delta kì í kú láéláé. Ìyá àgbà kì í rìn lóòrèkóòrè, wọ́n lè lọ lọ́dún yìí kí wọ́n má tún lọ títí ọdún 3, oṣù 24 ti Flying Blue máa jẹ tiwọn mọ́lẹ̀. Tí Mọ́mì bá wá wọ KLM lọ sí Aberdeen, nọ́ńbà Delta yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi sí i, torí SkyTeam kan náà ni wọ́n. Ìrìnàjò ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin àti ìrìnàjò ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin, àpò kan.

Ohun tí Delta ò ní ni pé kéèyàn fi máìlì rẹ̀ fún ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, owó ni wọ́n ń gbà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n Mọ́mì lè fi máìlì tiwọn gba tíkẹ́ẹ̀tì lórúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́, ìyẹn kò ní owó àfikún. Ọ̀nà tí ìyá mi gbà rán àbúrò mi wá síbí nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹbí yín wà ní apá Washington tàbí Houston níbí, United ń fò láti Èkó sí Washington láti oṣù kọkànlá ọdún 2021. Láti ọdún 2024 ni wọ́n sì ti gba èèyàn 5 láyè láti da máìlì pọ̀, wọn kò béèrè àdírẹ́sì kan náà. Ìyẹn ló bá àwa tí òkun wà láàárín wa mu jù.


BàbáÌbejì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:09 alẹ́

Ọ̀rọ̀ ipò ńkọ́, ìyẹn ìpele bíi Bronze, Silver àti Gold tí wọ́n ń gbé ẹni tó ń wọ bàálù wọn dáadáa sí? Ẹ̀yin ò tíì sọ̀rọ̀ lórí báàgì àti ibi ìsinmi. Èmi tí mò ń ti Ìgbógbó bọ̀, mi ò lè fi ọ̀nà Mile 12 ṣeré. Tí bàálù bá máa gbéra ní aago 11 alẹ́, mo ti kúrò nílé ní aago 2 ọ̀sán. Tí ọ̀nà bá wá dára lọ́jọ́ náà, wákàtí 5 tàbí 6 ni màá fi jókòó ní pápákọ̀ òfurufú. Ibi tó tutù tí ìjókòó dáa wà kì í ṣe afẹ́ fún ará Ìkòròdú.

British Airways ti yí tiwọn padà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2025: owó tí ẹ ná ni wọ́n ń kà báyìí, pọ́ùn 1 jẹ́ pọ́ìntì 1. Bronze, 3,500. Silver tó ń wọ yàrá ìsinmi, 7,500. Ẹni tó ń ra economy kò lè tètè dé ibẹ̀.


Òṣìṣẹ́Tíkẹ́ẹ̀tì
Ọjọ́rú, aago 6:11 òwúrọ̀

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ mú un wá, sà. Ipò jẹ́ ti ẹnì kan, kì í wọ àpò ìdílé. Nínú ilé yìí, bàbá àwọn ọmọ ni kó máa lé ipò.

Lọ́dọ̀ Flying Blue, pọ́ìntì ipò yàtọ̀ sí máìlì, XP ni wọ́n ń pè é, ọ̀nà tí bàálù fò àti ibi tí ẹ jókòó sí ni wọ́n fi ń kà á. Silver jẹ́ XP 100, Gold jẹ́ 180. Èkó sí Amsterdam ní economy jẹ́ 8, Amsterdam sí Aberdeen jẹ́ 5. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 26. Lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, 104. Ó wọ Silver ní nǹkan díẹ̀! Lórí KLM àti Air France, Silver máa fún un ní báàgì kan lé, kò ní yan ìjókòó pẹ̀lú ìnira, máìlì rẹ̀ á sì kúrò ní 4 di 6 lórí yúrò 1. Ẹ kíyè sí i pé tó bá gba Virgin lọ London tààrà, XP tó máa rí kò ní tó bẹ́ẹ̀, torí bàálù kan ló wọ̀. Yàrá ìsinmi dìgbà Gold, ẹni tó bá sì ní Gold lè mú èèyàn kan ṣoṣo wọlé. Tí gbogbo ilé bá jọ ń rìn, ẹ ṣì máa jókòó níta ni. Nítorí náà, ẹ má torí yàrá ìsinmi yan ètò.

Ohun tó kù ni orúkọ. Ibí yìí ni mo ti ń rí wàhálà jù. Àwa Yorùbá, orúkọ wa gùn, Olúwa wà níwájú rẹ̀, orúkọ 3 sì wà nínú páńsípọ́ọ̀tù. Ẹlòmíràn á fi orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé ṣí àkáǹtì, á wá fi ti páńsípọ́ọ̀tù ra tíkẹ́ẹ̀tì, máìlì kò ní wọlé. Ẹ ṣí páńsípọ́ọ̀tù síwájú yín, ẹ da orúkọ kọ bó ṣe wà níbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àǹtí, tó bá jẹ́ orúkọ bàbá yín ló ṣì wà nínú páńsípọ́ọ̀tù tiyín, òun ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe orúkọ ọkọ. Kí ẹ sì tọ́jú boarding pass títí máìlì á fi wọlé, òun ni ẹ̀rí yín tí kò bá wọlé.


AlásọSábó
Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, aago 8:30 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ní kí n wá jábọ̀ fún yín.

Alẹ́ àná ni bàbá àwọn ọmọ pè mí lórí fídíò, a jọ ṣe é títí di aago 12. Ó ṣí Flying Blue tiẹ̀, mo ṣí tèmi, a ṣí ti àwọn ọmọ 2 tó dàgbà, a sì so wọ́n pọ̀ nínú àpò kan. Ti àbíkẹ́yìn dìgbà oṣù kejìlá tó máa pé ọdún 2. Mo ṣí Skywards fún ọjà mi lọ́tọ̀. Orúkọ bàbá mi ló wà nínú páńsípọ́ọ̀tù mi lóòótọ́. Ká ní Òṣìṣẹ́ ò kọ ọ́ ni, orúkọ ọkọ mi ni mò bá fi síbẹ̀. Ọkọ mi gbà pé òun ò ní gba BA mọ́, ti oṣù tó ń bọ̀ tó fẹ́ fi wálé, Amsterdam ló gbà á.

Lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ òní ni mo lọ sí Ìgbógbó lọ ṣí ti Delta fún Mọ́mì. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé ohun tí a ń ṣe, mo sọ fún wọn pé ìrìnàjò wọn máa ń kó nǹkan jọ, pé tó bá pọ̀ tó, wọ́n lè fi rán ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá béèrè bóyá wọ́n lè fi mú ọmọbìnrin wọn wálé láti Atlanta, torí láti ìgbà tó ti bímọ èkejì, kò tíì lágbára owó tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ìbéèrè kan ló kù tí wọ́n ní kí n bi yín. Ìrìnàjò wọn tó kẹ́yìn sí Atlanta, oṣù kejì ọdún yìí ni wọ́n dé láti ibẹ̀. Boarding pass rẹ̀ ṣì wà nínú Bíbélì wọn, wọ́n fi sàmì sí Sáàmù. Ṣé ó ṣì wúlò?


Òṣìṣẹ́Tíkẹ́ẹ̀tì
Ọjọ́ Àìkú, aago 9:02 alẹ́

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì náà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ wá nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì tó wà nínú í-meèlì, lóòrọ̀ ọ̀la gan-an ni kẹ́ ẹ fi béèrè lọ́wọ́ Delta. Wọ́n ní iye oṣù tí wọ́n fi ń gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ sí i. Ẹ bá mi kí Mọ́mì.